Ọjọ́ Tí Àdúgbò Wa Gba Ìtàn Mi Gbọ́

Bí èèyàn bá gba ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí kékeré wọ àdúgbò wa ní Gàmbàrí lásìkò tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, òórùn ògiri amọ̀ tó mu omi ni yóò kọ́kọ́ pàdé rẹ̀, kó tó gbọ́ òórùn wàrà tí ìyá mi ń dín lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá mi ti ń ṣe wàrà kí wọ́n tó bí mi. Láti ìdájí ni yóò ti gbé mílíìkì màlúù kaná, yóò fún omi ewé bòmubòmu sí i, yóò sì dúró tì í títí tí yóò fi dì, kó tó bù ú sínú àwọn apẹ̀rẹ̀ pẹlẹbẹ. Tó bá di ọ̀sán, á gé e wẹ́wẹ́, á dà á sínú òróró gbígbóná, gbogbo ọ̀nà á sì mọ̀ pé ó ti bẹ̀rẹ̀. Di òní yìí, òórùn yẹn máa ń mú inú mi dùn fún bí ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà ni àyà mi á já. Mo fẹ́ sọ ìdí àyà jíjá náà fún ọ, nítorí ìwọ náà ń kọ ìtàn, bóyá ìwọ ni yóò sì yé láìjẹ́ pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbèjà ara mi.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà náà. Mo ti parí yunifásítì, mo ń dúró kí wọ́n pè mí fún iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, mo sì ń bá wọn tẹ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan lẹ́bàá Ọjà Tuntun. Káàdì ìgbéyàwó ni o, lẹ́tà ìwáṣẹ́ ni o, gbogbo rẹ̀ ni mo máa ń tẹ̀. Tọ́wọ́ mi bá dilẹ̀, màá ṣí fóònù, màá máa ka ìtàn kéékèèké tí àwọn ẹgbẹ́ wa fi ránṣẹ́. A tó méjìlá tí a jọ ń kọ ìtàn nínú ẹgbẹ́ náà lórí Wásáàpù. Ẹni tó kó wa jọ ni ọ̀gá àgbà ilé-ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì, obìnrin tó ń gbé ní Adéwọlé, tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì. Láàárọ̀ Sátidé, a máa ń wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwà lọ sílé rẹ̀, yóò po tíì fún wa, yóò sì fi bírò pupa kọ nǹkan sí ẹ̀gbẹ́ ìtàn wa láìṣàánú.

Ní Sátidé kan, ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí n kò lè gbàgbé. Ó ní, "Ìtàn gígùn máa ń mú èèyàn rìn káàkiri ìlú ni. Èyí tó kúrú, ńṣe ló máa ń di èèyàn ní àgbọ̀n mú, tí á yí ojú rẹ̀ sí ibi kan ṣoṣo. Ibi tí ẹ bá yí i sí ni yóò máa wò." Ó wá ní kí oníkálukú lọ kọ ìtàn tí èèyàn lè kà tán lórí ìdúró nídìí ẹ̀rọ omi, kí bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó kún. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sẹ́nì kankan nínú wa tó bi í pé tí ẹni náà bá kà á tán ńkọ́, tó gbé omi rẹ̀ tó ń lọ sílé, ibo ni ojú rẹ̀ yóò máa wò.

Bóyá nítorí pé ó dárúkọ ẹ̀rọ omi ni ọkàn mi ṣe lọ sí ẹ̀rọ omi àdúgbò wa. Obìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gba yàrá sí ilé kejì sí ti wa nígbà náà, opó ni, ó ti abúlé kan wá. Ó ń ta èso dàbínù, tùràrí olóòórùn dídùn àti tẹ̀sùbáà lójú fèrèsé yàrá rẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọ̀, ó máa ń kí tọmọdé tàgbà, ó sì máa ń fún àwọn ọmọ tó bá ń ti ilé kéwú bọ̀ ní dàbínù ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ kan tí mo ń pọn omi, mo rí i pé ọwọ́ òsì nìkan ló ń lò. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò jáde lábẹ́ híjáàbù rárá. Ó fi òsì ṣí ẹ̀rọ, ó fi òsì tì í, ó fi òsì gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀. Mo ń wò ó títí bọ́kẹ́ẹ̀tì mi fi kún tó ń ṣàn sílẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí mi pé mò ń wo òun, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Mo sáré wọlé, mo fa ìwé mi yọ lábẹ́ ẹní.

Kì í ṣe obìnrin náà ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọ̀hún ní ti òótọ́. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti ń kọ nípa ọkùnrin eléèédú kan tó ń fún àwọn ọmọ ní ìrèké, tí ìtàn náà kò sì lọ síwájú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ti rí ọwọ́ yẹn, gbogbo rẹ̀ wá tò. Mo fagi lé eléèédú, mo fi obìnrin sí i. Mo fagi lé ìrèké. Gbólóhùn àkọ́kọ́ sì jáde lẹ́ẹ̀kan náà bí ìgbà tí ẹnì kan ń pè é fún mi: "Ẹ má wo ojú obìnrin náà, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni kí ẹ máa wò." Ìtàn náà kò ju ojú ìwé kan àbọ̀ lọ. Obìnrin kan dé sí ìlú kan, ó ń fún àwọn ọmọ ní dàbínù, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún pa mọ́. Lọ́jọ́ tí ó bá mú ọwọ́ náà jáde láti fún ọmọ kan, ọmọ náà á lọ sílé, ìyá rẹ̀ á pè é, yóò la ẹnu láti jẹ́, kò ní sí ohùn. Ibẹ̀ ni mo ti dá a dúró. Mo mú un lọ bá Mọ́mì, ó fi bírò pupa fọwọ́ kan án níbi bíi mẹ́ta, mo lọ tún un ṣe, mo sì fi í sórí Wásáàpù ẹgbẹ́ wa ní Ọjọ́bọ̀. Mo kọ àkọlé sí i, mo kọ "àròsọ" sábẹ́ àkọlé, mo kọ orúkọ mi.

Inú mi dùn, n kò ní purọ́ fún ọ. Ẹnì kan kọ̀wé pé òun jẹ́ kí ìrẹsì òun jóná nítorí ìtàn náà. Ẹlòmíràn bi mí bóyá òun lè fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n òun, mo ní kó fi ránṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n yẹn fi í sí ẹgbẹ́ àwọn ìyá ọmọ ilé kéwú. Bí ìtàn náà ṣe ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, ó ń bọ́ aṣọ sílẹ̀: àkọlé kọ́kọ́ bọ́, orúkọ mi bọ́, ọ̀rọ̀ àròsọ náà bọ́. Nígbà tó yá, obìnrin kan tí n kò mọ̀ títí dòní gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, ó ń kà á pẹ̀lú ohùn tó ń gbọ̀n bí ẹni tó fẹ́ sunkún, gbólóhùn mi láìfi ọ̀kan sílẹ̀, ó sì fi tirẹ̀ kún un nígbẹ̀yìn: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí gbogbo ìyá ọmọ tí ẹ mọ̀."

Ọjọ́ karùn-ún ni ìyá mi sọ ọ́ fún mi. Ó ń yọ wàrà nínú òróró, kò wo ojú mi. Ó ní, "Ṣé o ti gbọ́ ti obìnrin tó ń gba ohùn lọ́nà ọ̀fun àwọn ọmọ? Wọ́n ní kéèyàn má wo ojú rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni kéèyàn máa wò."

Mo dúró ti ògiri. Ǹjẹ́ o mọ bó ṣe ń rí kí gbólóhùn tí o kọ jáde lẹ́nu ìyá rẹ? Ìyá mi tí kì í ka nǹkan mìíràn ju Kùránì lọ há a sórí láìmọ̀. Ayọ̀ ni ohun tó kọ́kọ́ ṣe mí, Ọlọ́run dárí jì mí. Lẹ́yìn náà ni mo wá bi í pé, "Níbo ni wọ́n ní ó ti ṣẹlẹ̀?"

Ó ní, "Nínú ìlú yìí náà ni. Wọ́n ní àdúgbò àtijọ́ kan ni."

Ó yẹ kí n sọ ọ́ nígbà náà. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n ọmọ àfáà ni ìyá mi, lójú rẹ̀, kéèyàn jókòó máa ro ohun tí kò ṣẹlẹ̀ kó sì kọ ọ́ sílẹ̀, irọ́ ni, àwọn màláíkà sì ń ṣírò rẹ̀. Ó mọ̀ pé mo ń kọ nǹkan. Ó ti pinnu pé iṣẹ́ ilé-ìwé ni. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Mo ní, "Ọlọ́run á ṣọ́ wa." Ó ní, "Àmín." Nígbàkígbà tí mo bá rántí ọ̀rọ̀ yìí, àmín yẹn ló máa ń bà mí lẹ́rù jù.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí ojú àwọn èèyàn. Obìnrin onídàbínù yìí ti tó oṣù mẹ́ta láàárín wa, ó ti ń fi òsì gba nǹkan, ó ti ń fi òsì fúnni ní nǹkan, gbogbo èèyàn sì ti ń fojú fò ó nítorí pé ọmọlúàbí ni. Ní báyìí, tó bá yọ sí ìdí ẹ̀rọ omi, ọ̀rọ̀ á dá. Wọ́n á dá a lóhùn kíkí rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú wọn kì í dé ojú rẹ̀, ìsàlẹ̀ híjáàbù ni wọ́n máa ń wò. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ fún ẹnì kejì pé, "Ṣé o kíyè sí i pé òsì ló fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà?" Àwọn ọmọ kò dúró nídìí fèrèsé rẹ̀ mọ́. Ó pe ọ̀kan lọ́jọ́ kan, ọmọ náà sì bú sẹ́kún. Mo rí obìnrin náà tó dúró sójú fèrèsé pẹ̀lú dàbínù kan láàárín ìka, tí kò mọ ohun tí òun ṣe.

Mo ní kí n bá a sọ̀rọ̀. Mo dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ nígbà méjì, mo padà. Mo ń sọ fún ara mi pé ọ̀rọ̀ Wásáàpù ni, á lọ bó ṣe wá.

Ọjọ́ Àlàmísì, ìyẹn Ọjọ́bọ̀, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, ìrun Alásàrí ṣẹ̀ṣẹ̀ tán, ni ìyá mi pè mí. Ó ní, "Tó o bá ń bọ̀, má gba ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí. Èrò ti kún ẹnu ọ̀nà obìnrin onídàbínù."

"Kí ló dé, Màámi?"

"Ọmọbìnrin ilé tó kọjú sí tiwa ni. Láti àná ni ara rẹ̀ ti ń gbóná, láàárọ̀ yìí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n bi í pé kí ló jẹ, ó fi ìka tọ́ka sí fèrèsé. Òun náà ni, obìnrin inú ọ̀rọ̀ yẹn."

Mo rántí pé mo fi káàdì ìgbéyàwó kan sílẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, mo bọ́ sórí ọ̀kadà àkọ́kọ́ tí mo rí. Ọ̀nà tí kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ gùn lọ́jọ́ náà bí ìrìn àjò. Ohun tó ń lọ tó ń bọ̀ lórí mi kò ju ọ̀kan lọ: ibi tí mo ti dá ìtàn dúró, wọ́n ti fẹ́ máa bá a lọ láti ibẹ̀.

Wọ́n tó ọgọ́ta, ó lé. Mo mọ púpọ̀ nínú wọn. Ẹni tó ń rán aṣọ mi wà níbẹ̀, ẹni tí a jọ lọ ilé kéwú wà níbẹ̀. Wọn kì í ṣe jàǹdùkú. Òbí ọmọ ni wọ́n, ẹ̀rù ń bà wọ́n. Ẹnì kan ń fi òkúta lu irin fèrèsé náà, ko, ko, ko, kò sáré, kò sì sinmi. Dàbínù ti fọ́n ká sínú ẹrẹ̀. Mo wá gbọ́ òórùn pẹtiróòlù tó ń dà pọ̀ mọ́ òórùn wàrà ìyá mi, mo wò, mo rí ọkùnrin tó ń tún ọ̀kadà ṣe ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì kékeré lọ́wọ́. Kò gbé e sókè. Ó kàn dì í mú ni, bí ẹni tó ń dúró kí ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Láti inú yàrá, kò sí ohùn kankan.

Mo ti àwọn èèyàn lápá kan, mo fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn náà. Mo ní, "Èmi ni mo kọ ọ́."

Ọkùnrin ẹlẹ́kẹ́ẹ̀gì ní, "Kí lo kọ?"

"Ọ̀rọ̀ ọwọ́ ọ̀tún yẹn. Ìtàn ni. Èmi ni mo jókòó tí mo rò ó. Kò ṣẹlẹ̀ níbì kankan."

Obìnrin kan ní, "Ẹ má dá a lóhùn, ọmọ ìyá oníwàrà ni. Àánú ló ń ṣe é."

Ẹlòmíràn ní, "A gbọ́ ohùn ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí. Ẹkún ló ń sun. Ṣé ìwọ lo sunkún náà?"

Mo ṣí fóònù mi, mo fi hàn wọ́n. Wọ́n wò ó, wọ́n ní àwọn náà ní irú rẹ̀ lórí fóònù tiwọn, òótọ́ sì ni. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Mo wá ṣe nǹkan kan tó jẹ́ pé tí mo bá rántí rẹ̀, ara mi ṣì máa ń ṣe gììrì. Mo rò pé tí mo bá kà á sókè láìwo ìwé, wọ́n á mọ̀ pé èmi ni mo ni ín. Mo gbóhùn sókè, mo bẹ̀rẹ̀: "Ẹ má wo ojú obìnrin náà, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni kí ẹ máa wò."

Òkúta dúró lára irin. Gbogbo ojú ló kúrò lára mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n lọ sórí fèrèsé. Mo rí i bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Àní èmi tí mo kọ ọ́, tí mo mọ̀ pé irọ́ ni, orí mi yí díẹ̀ láti wo ẹ̀yìn. Mo dákẹ́ láàárín gbólóhùn kejì. Ẹ̀rù obìnrin náà kọ́ ló bà mí mọ́ nígbà náà, kì í sì í ṣe ẹ̀rù àwọn èrò. Nǹkan tó ti ẹnu mi jáde ló ń bà mí lẹ́rù, tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ níwájú mi, tí kò sì gbọ́ tèmi.

Ìyá mi wà lẹ́yìn èrò. N kò mọ ìgbà tó dé, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó gbọ́ nígbà tí mo ní èmi ni mo kọ ọ́, nítorí ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ ọlọ́mọ. Ó yíjú padà, ó lọ. Mo rò pé ó ti kọ̀ mí ni. Kò pẹ́ tó padà dé pẹ̀lú ìwé mi, èyí tí mo ń tọ́jú sábẹ́ ẹní, tí mo rò pé òun kò mọ̀ sí. Kò fún mi. Àfáà àgbà àdúgbò wa ti ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ nítorí ariwo; òun ni ìyá mi kúnlẹ̀ fún tó sì gbé ìwé náà lé lọ́wọ́. Ó ní, "Àfáà, ọwọ́ ìkọ̀wé ọmọ mi nìyí. Ẹ bá wa kà á."

Bàbá náà wọ awò ojú rẹ̀. Kò kánjú. Ó ṣí ìwé náà dé ibi tí ìyá mi fi ìka sí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí mo fagi lé. "Ọkùnrin eléèédú kan dé sí ìlú kan. Ó fagi lé e. Obìnrin kan dé sí ìlú kan. Ó ń fún àwọn ọmọ ní ìrèké. Ó fagi lé e. Gúgúrú. Ó fagi lé e. Dàbínù." Ó ń fi ìka tọ̀ ọ́. Ó dé ẹ̀gbẹ́ ìwé, ó gbé e súnmọ́ ojú. "Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kan síbí pẹ̀lú bírò pupa. Ó ní, 'Jẹ́ kí ó bani lẹ́rù ju báyìí lọ.' Ta ló kọ èyí?"

Mo ní, "Olùkọ́ wa ni, Àfáà. Ó ní ẹ̀rù ibẹ̀ kò tíì tó."

Ẹnì kan nínú èrò fi imú rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò dùn, ṣùgbọ́n mo rí i tí ejìká àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ wálẹ̀. Àfáà pa ìwé dé. Ó ní, "Ká ní ọmọ yìí fi í sílẹ̀ bó ṣe kọ ọ́ lákọ̀ọ́kọ́, ilé eléèédú wo ni ẹ bá wà báyìí?"

Ọkùnrin ẹlẹ́kẹ́ẹ̀gì sọ pé òun fẹ́ fi pẹtiróòlù fọ ẹ́ńjìnnì ni, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ kan lọ. Ìyá mi ló wá bèèrè ohun tí gbogbo wa kò bèèrè. Ó ní, "Ta ló wà lọ́dọ̀ ọmọ náà?"

Ìyá ọmọ náà wà níbẹ̀, láàárín wa, pẹ̀lú òkúta lọ́wọ́. Òun ló ń lu irin. Ọmọ náà wà nílé lórí ẹní, ìyá àgbà kan tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti àárọ̀, kò sẹ́ni tó gbé e lọ sí ọsibítù. Gbogbo ojú àdúgbò wà lórí fèrèsé kan, kò sí ìkankan lára ọmọ. A sáré gbé e sínú kẹ̀kẹ́, ọrùn rẹ̀ ti wú, ó ń mí bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Dókítà ní egbò ọ̀nà ọ̀fun ni, ó ti ń di ọyún, ká ní ó di ọjọ́ kejì ni, òun kì bá tí mọ ohun tí òun fẹ́ sọ fún wa. Lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́rin, ohùn ọmọ náà padà. Wọ́n bi í pé kí ló dé tó fi tọ́ka sí fèrèsé obìnrin náà. Ó ní dàbínù ló ń wu òun jẹ.

Ní ọjọ́ Sátidé, kí ohùn ọmọ náà tó padà, èmi àti ìyá mi lọ bẹ obìnrin náà. N kò lọ sílé Mọ́mì lọ́jọ́ náà. Ìyá mi kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti Àlàmísì, ju pé kí n gbé èyí, kí n jẹ tọ̀hún. Ó kúnlẹ̀ kí èmi tó kúnlẹ̀. Obìnrin náà ní ká dìde, ó fi ẹní lélẹ̀ fún wa. Yàrá náà ṣókùnkùn nítorí kò tíì ṣí fèrèsé láti ọjọ́ náà. Mo ń bẹ̀bẹ̀, mo ń sunkún, ó ń gbọ́ mi. Nígbà tí mo dákẹ́, ó ní, "Mo rí ọ lọ́jọ́ tí ò ń wò mí nídìí ẹ̀rọ omi. Mo rò pé o fẹ́ bá mi gbé kẹ́ẹ̀gì ni."

Ó wá gbé híjáàbù rẹ̀ sápá kan fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìlọta ló fa ọwọ́ náà wọlé nígbà tó wà lábúlé. Ìka méjì ló kù níbẹ̀, ìyókù ti di àpá. Ó ní, "Àwọn ọmọdé máa ń sá tí wọ́n bá rí i. Nítorí kí ẹ̀rù má bà wọ́n ni mo ṣe ń bò ó."

Ìyá mi bú sẹ́kún. Mo wo ilẹ̀. Obìnrin náà wá sọ nǹkan tí n kò retí. Ó ní, "Èmi náà gbọ́ ọ. Àbúrò mi ló fi ránṣẹ́ sí mi. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo ń sọ fún àwọn ọmọ tó bá wá síbí pé kí wọ́n má gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí wọn kò mọ̀. Tí mo bá ń lọ sọ́jà, ọwọ́ àwọn obìnrin ni mo ń wò. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé èmi ni." Ó fi híjáàbù bo ọwọ́ náà padà. "Ọmọ inú ìtàn yẹn, ṣé ó padà sọ̀rọ̀ níkẹyìn?"

Mo ní, "N kò mọ̀ o, Ìyá."

Ó ní, "Ìwọ lo kọ ọ́."

Ó kó lọ sí ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ kí oṣù náà tó parí. Àwọn kan bá a gbé ẹrù, àwọn kan dúró sínú ilé wọn títí mọ́tò fi lọ. Mo kọ àlàyé, mo fi í sí gbogbo ibi tí mo lè fi í sí, pé irọ́ ni, pé èmi ni, pé kí wọ́n dáwọ́ dúró. Àwọn èèyàn kà á, wọ́n ní mo ṣeun, wọn kò sì fi í ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ní bí ọdún kan lẹ́yìn ìgbà náà, nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, obìnrin tó jókòó tì mí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀. Mo ní kí n dá sí i. Kí n tó la ẹnu, ọmọ náà ti ń wo ọwọ́ mi.

Mọ́mì sọ fún mi pé ẹ̀bi mi kọ́, pé àwọn tó gé àkọlé kúrò ló jẹ̀bi. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀. Àfáà àgbà ní tirẹ̀ kò bá mi wí; ó kàn bi mí bóyá mo mọ bí ìtàn ṣe máa ń rìn, mo ní n kò mọ̀, ó ní òun náà kò mọ̀. Ìyá mi ló pẹ́ jù kó tó bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa. Ohun tó sọ nígbà tó yá ni pé òun ti mọ̀ nípa ìwé náà tipẹ́, òun máa ń ṣí i tí òun bá ń gbálẹ̀, pé àwọn èyí tó wà ṣáájú dùn, ṣùgbọ́n òun kò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú wọn, ojú sì ń ti òun láti bèèrè.

Mo ṣì ń kọ ìtàn kéékèèké. Mo mọ̀ ní báyìí pé ẹni tó kà á tán kì í fi ojú tí mo fún un sílẹ̀ nínú ìwé. Ó máa ń gbé e jáde lọ, ó sì máa ń fi wo ẹni àkọ́kọ́ tó bá yọ sí i lọ́nà. Nítorí náà, tí mo bá ti rí gbólóhùn àkọ́kọ́ tó dára, èyí tí mo mọ̀ pé yóò di èèyàn mú, ẹ̀rù á bà mí, màá sì jókòó tì í fún ọjọ́ púpọ̀, màá máa wo ẹni tó ṣeé ṣe kó dúró síbi tí gbólóhùn náà ń tọ́ka sí. Nígbà mìíràn, màá fà á ya. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n gbàdúrà kí ẹ̀rù náà kúrò lára mi. N kò tíì gba àdúrà náà, n kò sì rò pé màá gbà á.